Owó Òógùn Wa Kò Gbọdọ̀ Jò Tán Lójú Ọ̀nà

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ bá wa bi í léèrè: ta ló pinnu iye tí wọ́n ń gé nínú owó rẹ̀ nígbà tó kọjá bọ́dà? Ṣé wọ́n bi í kí wọ́n tó pinnu?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Owó tí bánkì, ilé iṣẹ́ fóònù àti àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń gé lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó rìnrìn àjò, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ti pọ̀ jù. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí a lè yẹra fún láti òní lọ, bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Apá kejì ń bẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ àti àwọn ìjòyè bá dìde sí i. Àwọn kan láàárín wa ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé owó kékeré ni, pé a ò lè bá bánkì jà. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an la fẹ́ dá lóhùn lónìí, ká sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìṣirò.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ JÒ

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ wa kan tó ní àkáǹtì ní bánkì kan ní Kútọnu, tó wá lọ sí Paris fún oṣù kan. Ó ki káàdì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ pọwópọwó, ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, owó jáde. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí o. Bánkì tirẹ̀ nílé á gé owó torí pé ó gba owó lókè òkun. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà níbẹ̀ lè gé tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ṣẹ́ owó náà láti yúrò sí sẹ́fà, wọ́n sì lè tún fi nǹkan lé e níbẹ̀. Ẹnu mẹ́ta ló bu owó kan ṣoṣo jẹ. Ẹni tó ni owó kì í sì í mọ̀ títí yóò fi rí ìwé àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù.

Ní báyìí, ẹ fetí sí ibi tó dùn mọ́ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1999, yúrò kan kò kúrò ní sẹ́fà 655.957. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí oṣù Kìíní ọdún 1994 dáadáa, nígbà tí wọ́n bu owó wa sí méjì lójijì, tí fáráǹkì Faransé kan tó jẹ́ àádọ́ta sẹ́fà di ọgọ́rùn-ún. Oògùn àti ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Láti ìgbà yẹn, wọn ò tíì tún yí i padà. Torí náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún yín pé "owó ṣubú lánàá, ìyẹn ló fà á." Láàárín sẹ́fà àti yúrò, owó kì í ṣubú, owó kì í dìde. Ohunkóhun tó bá lé lórí 655.957, ẹnì kan ló gé e.

Ìwọ̀n wà lọ́wọ́ wa nìyẹn, ọmọ ilé ìwé sì lè fi wọn nǹkan. Ọgọ́rùn-ún yúrò jẹ́ sẹ́fà 65,596 ó kù díẹ̀. Bí ọmọ rẹ bá gba ọgọ́rùn-ún yúrò nínú ẹ̀rọ ní Paris, tí ìwé bánkì wá fi hàn pé 69,000 ló jáde nínú àkáǹtì rẹ̀, sẹ́fà 3,404 ti lọ. Ìyẹn lé díẹ̀ ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe iye owó ló yí padà. Wọ́n jẹ ẹ́ ni.

Ọ̀nà míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí ọmọ wa tó ní káàdì yúrò bá dé London, ẹ̀rọ lè bi í léèrè pé: ṣé ní yúrò ni kí n ka owó yìí sí ẹ lọ́rùn, àbí ní pọ́n-ùn? Ọ̀pọ̀ á mú yúrò, torí owó tó mọ̀ nìyẹn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Inú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni pàkúté wà. Bó bá ti mú yúrò, ó ti fún ẹni tó ni ẹ̀rọ láṣẹ láti ṣẹ́ owó náà ní iye tó bá wù ú. Pọ́n-ùn ni kó mú. Bákan náà, bí ọmọ wa bá ti Paris wá kí wa, tí ẹ̀rọ ní Kútọnu bi í bóyá yúrò tàbí sẹ́fà, sẹ́fà ni kó mú. Ẹ fi í sọ́kàn: owó ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ wà ni kí o máa yàn.

LÁTI ÌDÁÀṢÀ DÉ ÈKÓ

Ẹ jẹ́ ká fi òkè òkun sílẹ̀ ná, ká wo ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn èèyàn wa tó ń lọ sí Nàìjíríà pọ̀ ju àwọn tó ń wọ bàálù lọ. Èdè kan náà là ń sọ láti ibí dé Ṣábẹ̀ẹ́, dé Kétu, dé Ìbàdàn. Nígbà owó ẹyọ, ọjà kan kì í kọ owó ọjà kejì. Nínú owó ẹyọ náà ni a ti rí "ọ̀kẹ́" tí a ṣì fi ń ka ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ ogún dòní. Òyìnbó Faransé dé, ó mú fáráǹkì wá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dé, ó mú pọ́n-ùn àti ṣílè wá. Wọ́n dá sẹ́fà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1945. Náírà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ọmọ ìyá méjì tí odò kan là láàárín wá di ẹni tí owó rẹ̀ kò mọ ara wọn mọ́.

Kí ni a ń rí lónìí? Ẹni tó ní àkáǹtì ní Nàìjíríà tó sì fẹ́ fi káàdì náírà rẹ̀ gba owó níbí kò ní ìdánilójú. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀pọ̀ bánkì Nàìjíríà ló dá káàdì náírà dúró pátápátá lẹ́yìn odi. Ó di ọdún 2025 kí àwọn kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Ẹni tó sì dúró sí Nàìjíríà gan-an kò bọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, bánkì àgbà Nàìjíríà ti fòpin sí ìgbà mẹ́ta lóṣù tí èèyàn ń lò ẹ̀rọ bánkì mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní báyìí, ọgọ́rùn-ún náírà ni lórí ẹgbàá mẹ́wàá náírà bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú ọgbà bánkì. Bó bá wà níta, ní ọjà tàbí ní ilé epo, wọ́n tún lè fi owó tó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé e. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣòwò ní Èkó, ẹ wò ó: ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà bánkì yín ni kí ẹ máa lò, ẹ má fi ìkánjú sanwó fún ẹlòmíì.

Torí gbogbo èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń di owó mọ́ ikùn kọjá Ṣèmè tàbí Ìgólò, tí wọ́n ń ṣẹ́ owó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn. A ò bú àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye tiwọn sì máa ń dára ju ti bánkì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Bí owó ayédèrú bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn Arigbo ju ibòmíràn lọ. Láti ọdún 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń wá sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ. Wọ́n ń ti gbogbo Benin wá, wọ́n ń ti Tógò wá, wọ́n ń ti Nàìjíríà wá. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá kì í bá sẹ́fà bọ̀. Bí kò bá rí owó gbà ní iye tó dára, kò ní ra omi lọ́wọ́ ìyá tó gbé e káàkiri nínú oòrùn, kò ní ra iyán, kò ní ra àbẹ́là, kò ní háyà yàrá sùn. Ìyá ọlọ́jà tí kò ní káàdì, tí kò wọ bánkì rí, òun náà ń san owó ẹ̀rọ yẹn. Àìtà ọjà ni ó fi ń san án.

ÌYÁ NÍ Ń SANWÓ

Ẹ tún wo owó orí fóònù. Ó ti ràn wá lọ́wọ́, a ò ní purọ́. Láyé àtijọ́, ọmọ tó wà ní Kútọnu á di owó sínú àpò ìwé, á fún dírẹ́bà, á máa gbàdúrà. Lónìí, kí dírẹ́bà tó kúrò ní gáráàjì, owó ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gé e. Ọmọ gé owó ìfiránṣẹ́ kúrò, ó rò pé òun ti ṣe tán. Ìyá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pọ owó, wọ́n tún gé owó ìgbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí kò níṣẹ́, tó ń retí owó oògùn, òun ni wọ́n bù jẹ kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ lórí fóònù pé: "Jọ̀ọ́, fi owó ìgbowó kún un." Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó bá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÓ NÍ KÁ DÁKẸ́

Wọ́n ní owó kékeré ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ mú ogójì ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn odi, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi 10,000 sẹ́fà ránṣẹ́ lóṣooṣù. 400,000 nìyẹn. Bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bá jò lójú ọ̀nà, 20,000 ti lọ lóṣù kan. Lọ́dún kan, 240,000. Ẹ lọ bi káfíńtà yín iye àga ilé ìwé tí ìyẹn máa kàn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ mẹ́rin ń há ara wọn mọ́ orí àga kan, kí ẹ sọ fún wọn pé owó kékeré ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan là ń pariwo. Ilé ìfowópamọ́ àgbáyé máa ń ṣírò iye tó ń náni láti fi igba dọ́là ránṣẹ́ sí ìlú ẹni. Ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà ló wọ́n jù nínú gbogbo ayé. Ó ju méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti fẹnu kò sí i pé tó bá fi máa di ọdún 2030, kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó tálákà jù ló ń san jù. Ṣé owó kékeré náà nìyẹn?

Wọ́n tún ní bánkì náà gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ń jẹ iná, ó ń fẹ́ ọlọ́dẹ, ó ń fẹ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Alágbàṣe yẹ fún owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gààrí ní ọjà wa máa ń dá iye kó tó wọn ọn fún ẹ. O lè ná an, o sì lè kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Bánkì wo ló ń dá iye fún wa kó tó wọn? Owó iṣẹ́ kọ́ là ń bá jà. Owó tí wọ́n fi pamọ́ sínú òkùnkùn là ń bá jà.

Àti pé ẹni tó ní òfin ò lè kan bánkì lára, ẹ jẹ́ ká fi Yúróòpù hàn án. Wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ ní ọdún 2001. Láti oṣù Keje ọdún 2002, bí ará Faransé bá gba yúrò nínú ẹ̀rọ ní Jámánì, iye tí wọn ì bá gé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ni wọ́n máa gé. Bánkì wọn ò wó. Àwọn ìlú tó ń ṣe èyí fún ara wọn ni àwọn ọmọ wa ń gbé. Kí ló dé tí a ò lè ṣe é láàárín ara wa?

A tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, a ò kàn mọ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, BCEAO tó jẹ́ bánkì àgbà fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà wa ti pàṣẹ pé iṣẹ́ mọ́kàndínlógún wà tí bánkì gbọ́dọ̀ máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣíṣí àkáǹtì wà níbẹ̀. Gbígba owó nínú ẹ̀rọ bánkì tìrẹ gan-an wà níbẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Mélòó ló ti sanwó fún ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Àìmọ̀ wa ló ń bọ́ ẹni tó ń jẹ wá.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní ká padà sí owó ọwọ́, ká fi bánkì àti fóònù sílẹ̀. A gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n a ò gbà. Owó ọwọ́ ò ní ẹlẹ́rìí. Olè wà lọ́nà. Ẹni tí a fi rán lè ṣàìsàn, ó lè kú, ó sì lè ná an. Àti pé bọ́dà ò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ rántí ìgbà tí Nàìjíríà ti bọ́dà rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọjà dúró, owó ọwọ́ náà dúró. Ẹni tó bá sọ pé ká jáwọ́ nínú bánkì torí bánkì ń gé wa, ó dà bí ẹni tó ní ká má lọ sóko mọ́ torí ẹ̀gún wà lọ́nà. Ẹ̀gún la ó ro kúrò.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ìjọba ò ní gbọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí ọdún 2018. Ìjọba ní Benin fi owó orí sẹ́fà márùn-ún sórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Àwọn èèyàn ké, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti wọ́gi lé e. Wọn ò ju òkúta, wọn ò jó ilé. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, nígbà tí owó ẹ̀rọ ọdún 2025 jáde, ẹgbẹ́ SERAP gbé bánkì àgbà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A Ò LÈ MÁA DÚRÓ DE ÀWỌN ALÁGBÁRA

Wọ́n ti ń ṣèlérí fún wa tipẹ́. CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, ní owó kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Eco máa dé ní ọdún 2020. Ọdún 2020 kọjá. Wọ́n tún dá 2027. Bó bá dé, a ó yọ̀. Bí kò bá dé, ṣé títí láé ni ìyá wa á máa san owó ìgbowó?

Àwọn ọ̀nà kan ti ń ṣí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n ṣí PAPSS ní Accra, kí ẹni tó wà ní ìlú kan lè san owó ìlú rẹ̀, kí ẹni tó wà ní ìlú kejì sì gba owó ìlú tirẹ̀, láìsí pé owó náà ń gba ọ̀nà dọ́là lọ sí Amẹ́ríkà kó tó padà wá. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà àti Ghana wà níbẹ̀. Benin ò sí nínú mẹ́fà yẹn. Ìbéèrè wa fún àwọn dẹ́pútè wa tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́ ni pé: ẹ̀yin ti bi ìjọba léèrè ìdí rẹ̀ rí?

Ní tiwa níbí, BCEAO ṣí ọ̀nà tuntun ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. PI-SPI ni wọ́n ń pè é. Ó so bánkì, owó orí fóònù àti àwọn ilé àjẹmọ́nú kéékèèké pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, kí owó lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ wa tó wà ní Lomé tàbí ní Abidjan kò ní láti wá ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, igbó ni. Ẹ lọ bi bánkì yín àti ilé iṣẹ́ fóònù yín bóyá wọ́n ti wọ inú rẹ̀, àti iye tí wọ́n ń gbà.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE LÁTI ÒNÍ

Èkíní, kí o tó rìnrìn àjò, lọ sí bánkì rẹ, béèrè ìwé iye owó. Jẹ́ kí wọ́n fi hàn ọ́ iye tí wọ́n ń gé bí o bá gba owó lẹ́yìn odi, iye tí wọ́n ń gé bí o bá fi káàdì ra nǹkan, àti iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Èkejì, má máa gba owó díẹ̀díẹ̀. Ká ní bánkì rẹ ń gé 3,000 sẹ́fà nígbàkigbà tí o bá lo ẹ̀rọ. Ẹni tó gba ogún yúrò lẹ́ẹ̀marùn-ún ti san 15,000. Ẹni tó gba ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan san 3,000. Owó kan náà ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n má gbà ju ohun tí o lè tọ́jú lọ.

Ẹ̀kẹta, níbi tí wọ́n bá ti ń gba káàdì, fi káàdì sanwó ọjà tààrà bí ìwé iye owó bá fi hàn pé ó dín ju gbígba owó lọ.

Ẹ̀kẹrin, owó ìlú tí o wà ni kí o yàn lójú ẹ̀rọ. A ti sọ ọ́ lókè, a tún un sọ.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọ̀rọ̀ bá kan yúrò àti sẹ́fà, fi 655.957 yẹ ìwé àkáǹtì rẹ wò. Bí o bá rí àlékún, béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ bánkì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀kẹfà, bí o bá ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ lórí fóònù, fi owó ìgbowó kún un kó tó béèrè.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ ÀTI ÀWỌN ÌJÒYÈ GBỌ́DỌ̀ ṢE

A dá àbá mẹ́rin fún ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ìlú kan náà lẹ́yìn odi máa kó owó wọn jọ, kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, dípò kí ogójì èèyàn máa sanwó ìfiránṣẹ́ ogójì. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èésú mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀kejì, kí akápò máa kọ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti iye tó dé sínú ìwé, kí ó sì máa kà á sétígbọ̀ọ́ ìpàdé. Ohun tó jò lójú ọ̀nà yóò hàn sí gbogbo ayé. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yan èèyàn mẹ́ta tó mọ ìwé láti lọ gba ìwé iye owó ní gbogbo bánkì àti lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tó wà nítòsí wa, kí wọ́n tú u sí Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ọjà.

Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pe mẹ́ẹ̀rì, ẹ pe àwọn dẹ́pútè, ẹ pe àwọn tó ń ṣàkóso bánkì ní agbègbè wa. Ẹ sọ fún wọn pé kí oṣù Kẹjọ tó dé, kí èrò tó kún Arigbo, a fẹ́ ibi tí àlejò lè ti ṣẹ́ náírà rẹ̀ ní gbangba, ní iye tí wọ́n kọ sára pátákó, tó sì ní ìwé ẹ̀rí. A fẹ́ kí ẹni tó ń pọ owó orí fóònù kọ iye tó ń gbà síta. A sì fẹ́ kí àwọn dẹ́pútè béèrè ọ̀rọ̀ PAPSS nínú ilé ìgbìmọ̀, kí wọ́n mú èsì wá fún wa ní Ìdáàṣà, kì í ṣe ní Kútọnu.

Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń ná ìjọba ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ohun tó ń ná wọn ni kí wọ́n sọ òótọ́ nípa iye. Ìlú wa yìí jókòó sí oríta. Ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Natitingou pàdé níbí. Àwọn tó ń kọjá pọ̀, owó tó ń kọjá pọ̀. Ẹni tó jókòó sí oríta tí kò mọ iye ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀bi ta ni?

Kí ìpàdé tó dé, kí olúkúlùkù mú ìwé àkáǹtì kan tàbí ìwé ìfiránṣẹ́ kan wá. Ẹ má wá pẹ̀lú ìbínú nìkan. Ẹ wá pẹ̀lú ìwé. Ohun tí a bá fi ìwé sọ, wọn ò ní lè fi ẹ̀rín bò ó.